Oríkì Tí Mo Ní Kí Ìyá Mi Fi Sílẹ̀

Òórùn oògùn ìfọwọ́ ilé ìwòsàn ló máa ń jí mi ní Jenfeld, àdúgbò tí mo dàgbà sí ní Jámánì. Ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. Wọn ò ní tíì bọ́ kóòtù tí wọ́n á ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n á máa fi oríkì ìdílé bàbá mi kì mí: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ a-lọ-sógun bí ẹni ń lọ oko, ọmọ a-kó-ìlú-má-dá-a-padà." Orí mi á wú, n ò ní rántí òtútù ìta mọ́.

Lọ́dún 2017, mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Tíṣà ní kí n wá ṣe Referat, ìyẹn àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, níwájú kíláàsì lórí àwọn Viking, àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ láti àríwá Yúróòpù tó tukọ̀ gba odò lọ sí ìlà-oòrùn Yúróòpù. Mo ka ohun tí àwọn tí Viking jó nílé kọ: wọ́n ní ìkà ni wọ́n, wọ́n ń kó tọmọdé tàgbà lọ tà títí dé ọjà àwọn Lárúbáwá. Mo tún ka orin tí àwọn Viking fi ń yin ara wọn. Ó jọ oríkì mi gan-an.

Mo bá ìyá mi ní kíṣìnì, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni àwọn baba ńlá bàbá mi ní Ìbàdàn lọ kó nígbà ogun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwọn èèyàn tèmi ní Èkìtì ńkọ́! Wọ́n kó ìyá ìyá àgbà mi gan-an. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà."

"Hör auf, Mama! Ó tó!" Mo bú sẹ́kún, mo ní kí wọ́n má fi oríkì ìkà yẹn kì mí mọ́ láé. Adájọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, "Àbẹ̀kẹ́, dìde" lásán ni mò ń gbọ́. Mo ṣe dáadáa nínú Referat náà, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ mi ò dùn mọ́, agídí ò sì jẹ́ kí n sọ ọ́.

Tempelhof ní Berlin ni mò ń gbé báyìí, mò ń kàwé. Lóṣù tó kọjá, ara mi ò yá, mo pè wọ́n láàárọ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí."

Wọ́n kì mí látòkèdélẹ̀, wọn ò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹnu yà mí.

"Ṣé o rò pé mo fi í sílẹ̀ ni? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ ni mo ti máa ń kì ẹ́ kí n tó wọlé. Ọmọ mi ni mò ń kì, kì í ṣe ogun."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn mọ ìkà nígbà tó rí i, n ò bá a jiyàn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń kì í láràárọ̀, tìfẹ́tìfẹ́.