Orúkọ Tí Baba Àgbà Kò Kọ

Láti àárọ̀ ni mo ti ń to ìwé tí Baba Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, fi sílẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Bí mo ṣe ṣí àpò awọ kan, òórùn tàdáà dúdú tí wọ́n fi ń kọ̀wé ta sí mi nímú, mo sì rántí ọ̀sán kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Baba Àgbà jókòó lórí awọ àgbò, wọ́n ń fi Lárúbáwá kọ ìtàn agboolé wa, èmi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Ìyá kan nínú agboolé wọlé, ó kúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló kú sínú kànga níbi tó ti ń yọ ọmọ ọlọ́mọ.

"Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀." Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àlùkùránì sọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́ inú ihò àpáta, kò dárúkọ wọn," ni Baba Àgbà dáhùn. "Ẹ̀kọ́ ni ìtàn wà fún. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Ọlọ́run mọ àwọn yẹn, Àfáà. Ta ni yóò mọ tèmi?"

Baba Àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n ki gègé ìkọ̀wé bọ tàdáà.

Níta, obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. "Ṣé wọ́n kọ ọ́?"

N ò tíì mọ Lárúbáwá kà, àmọ́ mo ti rí i tí ọwọ́ wọn ń lọ lórí ìwé. "Wọ́n kọ ọ́, Ìyá."

Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó ní Ọlọ́run á wò mí dàgbà.

Ìwé ìtàn náà ló wà nínú àpò awọ yìí, mo sì ti mọ̀ ọ́n kà báyìí: "Ọ̀dọ́ kan nínú agboolé yìí fi ẹ̀mí tirẹ̀ ra ẹ̀mí ẹlòmíì." Mo mú bírò kí n kọ orúkọ náà sí etí ìwé. Mi ò rántí rẹ̀ mọ́.