Ọmọ Àdúgbò Nìkan

Aránṣọ ni mí. Ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lọ sí ilé-iṣẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nítòsí Ìjù, kò sì sí ẹni tó máa kí mi tán tí mi ò ní mọ ìlú tó ti wá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ á kúnlẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lórí aṣọ iṣẹ́ tó ya. Ẹ̀gbá tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì á kọ́kọ́ dúnàá-dúrà ná, ìkíni dẹ̀yìn. Yorùbá tí Ìbò tó ń ta páàtì mọ́tò ń sọ dán ju tàwọn ọmọ mi lọ, pàápàá tó bá ń bú èèyàn. Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ ti wá kéré láàárín wa, torí wọ́n ti ta ilẹ̀ fún gbogbo wa tán. Ìkirè lèmi ti wá. A kì í bi ara wa níbi tí a ti wá, àfi tí a bá ń ṣàwàdà.

Ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ yìí ni ọ̀rẹ́ mi. Ó jù mí lọ, "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pè é. Kí ọmọbìnrin mi tó gbọ́n, ó rò pé ìyá méjì lòun ní.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ránṣẹ́ sí àwọn àgbà pé àwọn fẹ́ gba ọ̀dọ́ síṣẹ́, ọmọ àdúgbò nìkan. Ọmọbìnrin mi yìí ti kàwé tán, ilé ló jókòó sí, ó ń bá mi fi bọ́tìnnì sáṣọ. Inú mi dùn gan-an. Ta ni ọmọ àdúgbò bí kò ṣe òun?

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n ní kí onílẹ̀ kan dìde jẹ́rìí sí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ọmọ mi, mi ò wojú ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó tún gèlè ẹ̀ ṣe.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ló wí. "Ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkirè ni. Ẹ jẹ́ ká fi tilé ṣáájú."

Ló bá pe ọmọ àbúrò ẹ̀ síwájú, ẹni tó ń gbé Agége, tó jẹ́ pé ọdún Iléyá nìkan la fi ń rí i.

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ń dúró kó rẹ́rìn-ín.

Obìnrin yìí ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé wa lọ́jọ́ tí mo bímọ náà, tó sin ibi ọmọ síbẹ̀, torí ìyá mi ò tíì dé. Òun ló sọ pé, "Ó ti di tiwa nìyẹn." Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ká ní ẹlòmíràn ni, ǹ bá jà.

Bí a ṣe ń túká, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àbúrò mi, má bínú. Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ wá kó aṣọ yín lọ́dọ̀ mi," mo dá a lóhùn. "Kẹ́ ẹ wá aránṣọ tó jẹ́ onílẹ̀."

Ọmọ mi, tí kò dé Ìkirè rí láyé ẹ̀, ń tẹ̀lé mi bọ̀ títí a fi délé. Mo ń wá kọ́kọ́rọ́ nígbà tó bi mí pé:

"Mọ́mì, ní Ìkirè, ṣé wọ́n á mọ̀ mí?"