Èèyàn Keje Nínú Ọkọ̀ Gàníyù

Iṣẹ́ òrùlé ni Abdulganiyu ń ṣe ní Ọ̀fà. Gàníyù Káfíńtà ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kan pákó sórí ilé, èyí tí ìjì ṣí nínú wọn kò pọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ jù. Bí o bá bi í bóyá òrùlé kan á dúró, á ní, "Á dúró." Ó parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé òrùlé kọ́ ló kọ́kọ́ kọ́. Jẹ́bà ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ létí Odò Ọya. Ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà sílé, kò sẹ́ni tó ń wá ọkọ̀ omi rà ní Ọ̀fà, ló bá gun òrùlé lọ.

Ìgbà tó di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló tún bẹ̀rẹ̀. Ó to pákó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó ń kan ọkọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá níṣẹ́. Ọdún méjì ló gbà á. Àwọn tó ń kọjá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ìjàkadì làwọn mọ̀ ní Ọ̀fà, ta ló fẹ́ tukọ̀ lọ sí Ìjàgbó. Gàníyù ń kan pákó rẹ̀ lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju kó gbé e sórí omi dáàmù tí wọ́n sé lẹ́yìn ìlú, káwọn èèyàn máa wá gbafẹ́ níbẹ̀ nígbà ọdún.

Nígbà tó kàn án tán, wọ́n bá a gbé ọkọ̀ dé etí omi, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dá wọn padà. Wọ́n ní ọkọ̀ fàájì kan ò gbọdọ̀ wọ omi yẹn láìgba ìwé lọ́wọ́ Àjọ Ọlọ́kọ̀ Fàájì. Gàníyù béèrè pé àwọn wo nìyẹn. Wọ́n ní àjọ tó ń mójú tó gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣeré lójú omi ni, jákèjádò Nàìjíríà. Ó ní ta ló fi wọ́n jọba lórí omi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, kó ṣáà lọ gba ìwé.

Ó gbé ọkọ̀ padà sílé, ó dojú rẹ̀ dé. Oṣù mẹ́rin ló fi wà bẹ́ẹ̀, tí adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Níkẹyìn Mummy Caroline, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nílé kejì, bá a kọ lẹ́tà sí àjọ náà.

Ẹni tí wọ́n rán wá láti Ìlọrin ń jẹ́ Olúṣẹ̀yẹ. Kò tíì pé ogójì ọdún. Gàníyù rò pé ẹni tó fẹ́ wá gba rìbá ni, ó ti ń múra àtibú u. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ ní àwọn kì í ṣe ọlọ́pàá, àwọn kì í sì í ṣe agbowó orí. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣeré ló kó ara wọn jọ dá àjọ sílẹ̀, torí òkú ti pọ̀ jù lójú omi, ìjọba sì ti fẹ́ fòfin de gbogbo wọn. Àjọ ló ń kọ́ ọlọ́kọ̀. Òun ló ń yẹ ọkọ̀ wò, òun ló ń sọ iye èèyàn tí ọkọ̀ á gbé. Bí ọ̀rọ̀ bá dọ̀dọ̀ ìjọba, òun ló ń gbẹnu sọ fún ọlọ́kọ̀.

Ó fa téèpù yọ. Ó wọn ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó fi ìka tẹ ojú pákó níbi tí Gàníyù ti fi òwú àti ọ̀dà dí i, ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ò tíì rí èyí tí wọ́n kàn dáa tó báyìí. Gàníyù bu oúnjẹ kún oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Olúṣẹ̀yẹ ní, "Èèyàn mẹ́fà, bàbá. Ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀."

"Á gbé mẹ́wàá."

"Mẹ́fà."

Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ mẹ́fà sí i lára. Gàníyù wá jákẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ó wá ku ìdánwò orí omi. Gàníyù á kó èèyàn sínú ọkọ̀, á tù wọ́n yíká bí ẹni tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá yege, ó gbàwé nìyẹn, ọkọ̀ á sì wọ omi ṣáájú Iléyá.

Ọjọ́ Sátidé pé. Èèyàn márùn-ún jókòó, Gàníyù ló ṣìkẹfà. Wọ́n ti wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ó ti mú àjẹ̀ lọ́wọ́ tó fẹ́ máa tukọ̀, nígbà tí ọ̀kadà kan já Alhaja Hàlímàt sílẹ̀.

Àbúrò bàbá Gàníyù ni Alhaja Hàlímàt. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Gàníyù nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀yìn obìnrin yìí ló dàgbà sí. Ìjàgbó ló ń gbé. Ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ ọmọ òun máa wọ omi, ó sì ti wọ aṣọ funfun wá. Ó ń bọ̀ tàdúràtàdúrà. Àwọn inú ọkọ̀ sún fún un, ó wọlé, ó jókòó.

Ní Ọ̀fà, ta ló máa sọ fún àgbà tó ti jókòó pé kó dìde? Gàníyù wo Olúṣẹ̀yẹ létí omi. Olúṣẹ̀yẹ ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Gàníyù rò ó pé obìnrin náà ò kúkú wúwo. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó sì ti ọkọ̀ síwájú.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Omi ò ta sáṣọ ẹnikẹ́ni. Alhaja ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Olúṣẹ̀yẹ pe Gàníyù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọkọ̀ yín yege, bàbá. Ẹ̀yin lẹ ò yege."

"Ìyá mi nìyẹn."

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣé ìwọ á lé ìyá ẹ sọ̀kalẹ̀?"

Olúṣẹ̀yẹ pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. Ó ní òun á padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni àjọ ń dán ọlọ́kọ̀ wò lọ́dún. Bó bá tún kùnà, ó dọdún tó ń bọ̀.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún Alhaja pé òun ló fà á. Àmọ́ ọlọ́kadà tó gbé e padà ti rò gbogbo rẹ̀ fún un kí wọ́n tó dé Ìjàgbó. Ó ránṣẹ́ pe Gàníyù.

"Kí ló dé tí wọn ò fún ọ níwèé?"

"Nǹkan díẹ̀ ló kù, Alhaja."

"Gàníyù."

Ó wolẹ̀.

"Bí mo bá lọ jókòó sínú iná, ṣé 'ẹ kú ìjókòó' ni wàá máa kí mi?"

 Alhaja fún un ní ẹ̀kọ mu, Gàníyù sì lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Èèyàn márùn-ún tún jókòó, Gàníyù ṣìkẹfà. Ọ̀kadà tún dé. Alhaja Hàlímàt bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ létí omi, àwọn inú ọkọ̀ sì tún ti ń sún.

Gàníyù gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ó jáde nínú ọkọ̀, omi mù ún dé orúnkún. Ó gòkè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má wọlé, Alhaja. Ọkọ̀ ti kún."

Ẹni tó kéré jù nínú ọkọ̀ ní òun á sọ̀kalẹ̀ fún màmá. Obìnrin náà fi ọwọ́ dá a dúró.

Ó ní, "Jókòó. Ìwọ lo kọ́kọ́ dé."

Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó lọ jókòó lórí òkúta. Bóyá ó wá dán ọmọ rẹ̀ wò ni, bóyá ó gbàgbé ni, kò sẹ́ni tó bi í, òun náà ò sì sọ.

Gàníyù gbàwé lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n tukọ̀ padà dé ni Alhaja tó wọ ọkọ̀, pẹ̀lú àwọn mìíràn. Kò bá Gàníyù sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi yí omi po. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kó tó ránṣẹ́ pé ó kú iṣẹ́.

Láti Iléyá ni ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́. Àgbà sì pọ̀ ní Ọ̀fà. Wọ́n á dé, wọ́n á fẹ́ wọlé, mẹ́fà á ti pé. Gàníyù kì í bá wọn jiyàn, á dọ̀bálẹ̀ ni. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí: bó bá ti ń tẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á ti yí padà lọ wá ibi jókòó sí. Sherifat ìyàwó rẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀. Ó ní aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ tóun ń fọ̀ lọ́sẹ̀ kan ti ju ti ọmọ ilé kéú lọ.