Àpò Omi Bàbá Onítáyà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kànga ni mo bẹ̀rù jù láyé. Kì í ṣe ejò, kì í ṣe òkun tó ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé wa. Kànga. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nǹkan kan máa ń mí nínú rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ! Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹ ó ti dákẹ́ ẹ̀rín kò jìnnà.

Etí òkun ni abúlé wa wà, kí èèyàn tó dé Ajah, níbi tí wọ́n kọ́ ẹ́sitéètì sí báyìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ni ìyá wa bí. Bàbá wa ti kú, iṣẹ́ ẹja tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ló ń bọ́ wa. Wàhálà àwọn apẹja ìgbà náà kì í ṣe ẹja, omi mímu ni. Bí wọ́n bá fi ìkòkò gbé e, ìgbì á gbá ọkọ̀, ìkòkò á fọ́. Bí wọ́n bá fi garawa gbé e, omi òkun á ta sí i, èyí tó kù nísàlẹ̀ tí ife ò lè bù á di omi iyọ̀.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń lẹ táyà. Bàbá onítáyà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ omi yìí sórí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń sọ pé, “Omi tó bá ṣẹ́kù síbi tí ẹnu ò lè dé kì í ṣe omi. Ẹrù ni.” Ó gé rọ́bà inú táyà, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó fi ṣe àpò. Àkọ́kọ́ rí bí ìrọ̀rí. Omi sá pamọ́ sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a gbọ̀n ọ́n títí, kò jáde. Ìkejì gùn bí ìfun. Ó ká kò, omi há sáàárín. Lọ́jọ́ kan ó rí ọmọ ewúrẹ́ tó ń mu ọmú, ló bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò ó títí ìyá ewúrẹ́ fi bínú lọ. Ìyá mi ní, “Bàbá, àbí ẹ fẹ́ bá a pín in ni?”

Bí ọmú ewúrẹ́ ló ṣe gé ẹ̀kẹta. Òkè rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, kò ní igun kankan. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ òórùn rọ́bà kúrò nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kúrò tán. Béèyàn bá ti ń mu ún ni àpò náà ń sún jọ, títí ara rẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ra, tí kò ní ṣẹ́ku èyí tí èèrà máa mu. Èmi ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ omi sí i. Ó ní, “Kí o tó dí i, tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi yọ lẹ́nu rẹ̀. Má fi afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Èèyàn kì í mu afẹ́fẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ló máa kọ́kọ́ gbé e lọ sókun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ní kí n lọ pọn omi kún un, kí n gbé e sínú ọkọ̀. Ó ní, “Ojo, má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá ọ níbẹ̀ o. Bàbá inú kànga á fà ọ́ lẹ́sẹ̀!” Èmi náà ṣeré títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Agolo mẹ́wàá ló ń kún àpò náà. Mo fa mẹ́rin. Bí mo ṣe sọ agolo sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún, nǹkan náà mí. Mo ju okùn sílẹ̀, mo gbé àpò, ó di eré.

Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀, àpò rọ jọ̀bọ̀tọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá rí i bẹ́ẹ̀, á dá mi padà sí kànga. Ni mo bá fẹnu sí i, mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ títí ó fi le bí ikùn aláboyún, mo dí i pa, mo tì í sábẹ́ àwọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ gbá àpò náà, ó ní, “Háà, ojo ti di akíkanjú!” Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Òun àti ẹnì kan ni wọ́n jọ lọ. Atẹ́gùn gbé wọn lọ sójú agbami, ìgbì gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹrin ni òkun tó dá ọkọ̀ náà padà fún wa. Ẹnì kejì ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń mí. Ẹ̀gbọ́n mi kò mí mọ́. Ẹni náà ní ọjọ́ kìíní gan-an lomi ti tán, pé nígbà tó yá ẹ̀gbọ́n mi ń bu omi òkun mu. Ó ní, “Àpò yẹn ló jò.” Ìyá mi kọjú sí bàbá onítáyà, ó figbe ta: “Ẹ ti fi rọ́bà pa ọmọ mi!”

Bàbá náà gba àpò náà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò náà, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú abọ́ omi tó fi ń wá ihò ara táyà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ibi tó bá ń jò, omi á máa hó níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí abọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dí àwọn èèyàn lójú. Èmi tí mo kúrú ni mo wà níwájú. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Omi kò hó níbì kankan. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára mi.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó yíjú sí ìyá mi. “Ó ń jò,” ló wí. “Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹ dárí jì mí.” Ojú ẹsẹ̀ ló yọ ọ̀bẹ, ó gé àpò náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà lè tún tẹ̀ ẹ́ bọmi.

Títí ìyá mi fi kú, kò kí bàbá náà mọ́. Àwọn ará abúlé ń gbé táyà wọn lọ sí ibòmíràn. Bàbá náà kò sì ṣe àpò kankan mọ́. Èmi a máa kọjá níwájú ilé rẹ̀ lójoojúmọ́, màá ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Á ní, “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?” Màá ní dáadáa ni. Lọ́kàn mi, màá ní ọ̀la ni màá sọ fún un. Ọ̀la yẹn pọ̀ títí ó fi dolóògbé.

Lónìí, inú ọ̀rá ni gbogbo nǹkan wà, omi, wàrà, títí kan ọtí. Ní Addo tí mò ń gbé báyìí, mo ń rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fún ọ̀rá omi dé ẹ̀kán ìkẹyìn. Ta ni màá sọ fún pé ọkùnrin kan ti rò ó létí òkun yìí kí wọ́n tó bí ìyá wọn?

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ̀nà abúlé wa lọ. Wọ́n ti da yanrìn bo gbogbo rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ilé alájà síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì kí mi dáadáa. Ó ní, “Bàbá, ta lẹ fẹ́ rí? Ẹ jẹ́ n pè wọ́n lórí fóònù.” Mo ní mo ṣìnà ni.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ilé ló ní géètì báyìí, ó ní ẹni tó ń béèrè ohun téèyàn bá wá. Ilé bàbá yẹn kò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ni ó ta sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi kọjá níwájú aṣọ náà láìwọlé.