Ímeèlì Tó Wá Lórúkọ Màmá Ṣadé Lẹ́yìn Ìsìnkú

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí, torí ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.

Èmi ni mo máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwa Yorùbá inú ìjọ wa ní Douala: ìkéde, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú. Màmá Ṣadé, opó kan ní àdúgbò Kotto, ló ń kọ àdúrà òwúrọ̀ síbẹ̀. A ṣí àdírẹ́sì ímeèlì fún wọn lórúkọ ìjọ. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ jí ire?" Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n kú. A sin wọ́n.

Àfi bí fóònù mi ṣe dún láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń ro ògì lọ́wọ́. Màmá Ṣadé! "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ jí ire?" Àdúrà tẹ̀ lé e, líǹkì kan sì wà nísàlẹ̀. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi!

Kí n tó mọ ohun tí n ó ṣe, ẹnì kan ti fèsì sí gbogbo wa. Ṣadé fúnra rẹ̀ ni, láti àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Madagascar, ní New Bell níbí. Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já geere, Faransé ló ń sọ jù. Ó ní: "Maman, ẹ̀yin ni?"

Ta ló máa ka ìyẹn tí omi ò ní bọ́ lójú ẹ̀?

Mo pe Kúnlé, ọmọ ìjọ wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní pọ́ọ̀tù. Ó ní iṣẹ́ gbájú-ẹ̀ ni. Àwọn olè jí àdúrà àtijọ́ kan, wọ́n lẹ líǹkì mọ́ ọn. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ ẹlòmíì sórí ímeèlì, a ò sì fi àmì tí wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀ sórí àdírẹ́sì ìjọ. SPF, DKIM, DMARC lorúkọ àwọn àmì náà! Èmi ò gbọ́ ọ rí! Ó bá wa ṣe é lọ́jọ́ náà, kí olè má lè fi àdírẹ́sì náà kọ̀wé mọ́.

Ṣùgbọ́n Ṣadé ti tẹ líǹkì, ó ti fi password ímeèlì rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn olè gba ímeèlì rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ kọ sí i.

Mo lọ bá a nílé. Mo ṣàlàyé títí.

"Tantine," bó ṣe máa ń pe èmi àǹtí rẹ̀ nìyẹn, "tí ẹ bá ti ti àdírẹ́sì wọn pa báyìí, maman ò ní lè kọ̀wé mọ́?"

Mo kàn dì í mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín kí olè tó dé. Ẹ má fi orúkọ òkú sílẹ̀ láìsí olùṣọ́.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe ẹ̀yin náà rí? Kí lẹ sọ fún ọmọ tó ń retí èsì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.