Wọ́n Sọ Oore-Ọ̀fẹ́ Láì Pè Mí Wọlé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n gbàgbé mi síta lónìí bí ẹni gbàgbé agbòjò.

Ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ wa ní Bódìjà ti fẹ̀yìn tì, èmi tíṣà ló sì kàn.
Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ọ́ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì pé kí àwa tíṣà yé na ọmọ. Gbogbo ìlú ló gbọ́.

Níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yan ọ̀gá tuntun lónìí, Bàbá alága ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ò lè kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ?"
Mo ní, "Ẹ má bínú sà, mi ò lè kó o jẹ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni."
Ìyá kan tí mo kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní, "Ọmọ wo ló máa bẹ̀rù ọ̀gá tí kì í mú pàṣán?"

Wọ́n ní kí n bọ́ síta díẹ̀. Àṣà wa ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á jáde. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á pè é wọlé, gbogbo wa á jọ sọ oore-ọ̀fẹ́ ká tó túká.

Mo jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, mò ń tún gèlè mi ṣe.
Ni mo bá gbọ́ ohùn wọn: "Oore-ọ̀fẹ́ Olúwa wa Jésù Kristi..."
Ẹnikẹ́ni ò tíì pè mí.
Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà lọ.

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí, ẹ má fi bò fún mi: ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni kò jẹ́ kí n yẹ lọ́gàá?

Nígbà tí wọ́n parí àdúrà yẹn, mo ṣe "Àmín" níta, èmi nìkan.