Ọwọ́ Ìyá Ràífù ni Ẹ̀tù Ń Gbé

Ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́sàn-án Sátidé, àwa mẹ́ta la wà ní pálọ̀ ilé Délé ní Fondren, ní Amẹ́ríkà níbí: Délé ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó rẹ̀ Ìyá Bọ́lá, àti èmi. Délé fẹ́ fi ìbọn rẹ̀ hàn mí, torí mo ti sọ fún un pé èmi náà fẹ́ ra ọ̀kan. Àwọn olè fọ́ ilé aládùúgbò mi ní Gulfton, èmi nìkan ni mo sì ń gbélé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú.

Inú àpótí irin ni ìbọn náà wà. Ìka ọwọ́ tó bá ti mọ̀ ló ń ṣí i. Délé tẹ̀ ẹ́. Àpótí han "píì", kò ṣí.

"Ìyá Bọ́lá! O tún ti yọ ìka mi kúrò?"

"Mo yọ ọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ dìbò fún kò lè ṣòfin ìbọn. Èmi ti ṣe tèmi nínú ilé yìí."

"Ẹ̀tọ́ mi ni! Amẹ́ríkà ló fún mi!"

"Ẹ lọ pe Amẹ́ríkà kó wá bá yín ṣí i."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn títí tíì tí wọ́n gbé fún mi fi tutù. Mò ń jowú Délé. Ohùn "píì" yẹn, ti àpótí tó kọ̀ tí kò ṣí, sì ti gbé mi padà dé agbo ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mi ò tètè wọ ilé-ìwé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi wà ní kíláàsì, èmi wà nílé, mò ń wo àgbàlagbà. Ọdẹ kan wà láàárín wa, Bàbá Ràífù. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ máa ń wà ní àjà, lókè ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ojú gbogbo ayé ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tí wọ́n ń kì sí i, èyí tí ìbọn ò lè dún láìsí, yàrá ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé, nínú agolo oníderí, lábẹ́ aṣọ, níbi tí iná ò lè dé. Bí Bàbá bá ń lọ sígbó, á béèrè, ìyàwó á wọn èyí tó máa tó o. Bó bá dé, á dá ìyókù padà. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan pè é ní olè lórí ààlà oko. Bàbá Ràífù sáré wọlé, ó já ìbọn lájà.

"Ìyá Ràífù! Gbé ẹ̀tù wá!"

Ìyá Ràífù ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. "Ẹ jẹun ná. Inú òfìfo kò ṣeé fi pànìyàn."

Bàbá Ràífù bú u, ó bú ìdílé rẹ̀. Ó jókòó, ó ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná, ó ń bínú. Nígbà tó jẹun tán, ó béèrè omi. Nígbà tó mumi tán, ó sùn. Ìbọn padà sájà. Àwa ọmọdé sọ ọ́ di eré lẹ́yìn ilé: "Gbé ẹ̀tù wá!" "Ẹ jẹun ná!" Nígbà yẹn àánú Bàbá Ràífù ṣe mí, pé obìnrin ló ń dí i lọ́wọ́. Ní báyìí, mò ń jowú rẹ̀, bí mo ṣe ń jowú Délé.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo bi ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè nínú fóònù mi bóyá kí n ra ìbọn. Ẹ̀rọ yìí gbọ́n ju gbogbo agbo ilé wa lọ. Ó dáhùn pẹ̀lú ìtẹríba, ó sọ ibi tó dára, ó sọ ibi tí kò dára, ó wá ní ìpinnu náà kù sí mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi rí.

Ìbọn ayé ìsinsìnyí kò fẹ́ kí a ki ẹ̀tù sí i mọ́. Agolo ẹ̀tù ti di àpótí irin. Ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kí ẹnìkan wà nílé tí yóò sọ pé rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe Tóyìn, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní ìlú Spring. Òyìnbó ló máa ń bá mi sọ. Mo ní mo fẹ́ ra ìbọn. Kíá ló bọ́ sí Yorùbá.

"Ìbọn kẹ̀! Daddy! Ẹ̀yin tí ariwo bángà ọdún ń lé wọ yàrá? Ẹ ò ra nǹkan kan o! Ẹ gbọ́ mi? Ẹ ti jẹun?"

Mo ní rárá. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé fóònù sórí tábìlì kó lè máa bá mi wí lọ, mo sì lọ gbé omi ẹ̀bà kaná.